Oúnjẹ Ojú

Ní Ìyàrá, oṣù kẹta, òjò ò tíì rọ̀.
Kajú ti pọ́n lóko, àpò ti kún ojúde Mẹ́dùbí;
èmi ni mo ń wọ̀n ọ́n, èmi ni mo ń kọ ọ́ sínú ìwé.
Tó bá dalẹ́, tí òṣùwọ̀n bá sinmi,
mo máa ń gun àpáta ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́;
ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń yọrí bí ehoro
kó tó tún sá wọ igbó.
Ìtàn aláwòrán ni mo ń wá kiri níbẹ̀.
Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín: ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí.

Ìyúnadé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Kàbà
ló kọ́kọ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́: "Òkun o, Bàbá Kékeré,
gbogbo ayé ló ń ka èyí."
Ọmọkùnrin kan, idà méjì,
ẹ̀jẹ̀ lójú ìwé kìn-ín-ní, ẹ̀jẹ̀ lójú ìwé ogún.
Mo kà á títí dé ibi tí ilé ti wó lu ìyá rẹ̀;
ọmọ ò sunkún, idà ló tún gbá mú.
Mo pa fóònù.
Èmi kọ́ ni gbogbo ayé.

Jẹ́mítọ́lá oníkẹ́mísì ní kí n gbìyànjú ti olólùfẹ́.
Gbogbo wọn ló ní àgbọ̀n tó mú bí ọ̀bẹ,
kò sẹ́ni tó ń fọ abọ́ nínú ilé aláràńbarà yẹn.
Mo bi í pé, "Iṣẹ́ wo tiẹ̀ ni wọ́n ń ṣe?"
Ó ní, "Ìfẹ́."

Ti iwin ni mo kà tẹ̀lé e. Òwìwí ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
ẹsẹ̀ bàtà mi kan ṣì wà lórí àpáta dòní.

Wọ́n ní, "Kí lo wá fẹ́ gan-an?"
Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀, n ò rí èsì.
Bí iṣu bá wà lórí àtẹ, èèyàn á fi ìka lù ú,
á gbọ́ ohùn tó ń tinú rẹ̀ jáde.
Ìtàn ò léèpo tí mo lè lù.
Ni mo bá rántí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì lára ògiri bàbá mi:
àwọn bíṣọ́ọ̀bù jókòó láàárín, aṣọ wọn ń dán,
ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí bébà ti ya,
ọkùnrin kan ru ẹrù, ó ń wo nǹkan kan
tí fọ́tò ò gbà wọlé.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wo ọkùnrin yẹn.
Ìtàn tirẹ̀ ni mo ń wá. N ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Èyí tí mo wá rí, kò sẹ́ni tó júwe rẹ̀ fún mi.
Òǹkàwé mọ́kànlélógójì péré ló ní.
Bàbá arúgbó kan ń tún agbòjò ṣe
nílùú tí òjò kì í dá; dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀,
àfi agbòjò tó pupa bí èso kajú.
Ojú ewé kan wà tí kò lọ́rọ̀ kankan,
omi ló ń kán létí òrùlé,
ẹ̀kán kan, fèrèsé kan; ẹ̀kán kan, fèrèsé kan.
Ìka mi ò lè sún un sókè.
Ìyá mi máa ń jókòó bẹ́ẹ̀ lórí odó tó dojú dé;
bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀,
ọbẹ̀ á jóná, a ò ní gbin.

Ìyúnadé pè. "Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀?"
"Òjò ń rọ̀."
"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"
"Ó ṣì ń rọ̀."
Ó pòṣé, ó ní kò dùn.
Mo ní kò burú: ata tó ń ta ẹ́ lẹ́nu kọ́ ló ń ta mí.

Ní orí kẹrìnlélógún, ó dúró. Ó ti tó ọdún kan báyìí,
bàbá náà gbé abẹ́rẹ́ sókè, kò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.
Ayàwòrán ò fi orúkọ sílẹ̀, n ò mọ ìlú rẹ̀.
Lánàá, lábẹ́ àpò mẹ́rìndínlógún ti Ọbajẹ́mu,
mo rí i pé ọwọ́ mi ti kọ ọ́ sínú ìwé òṣùwọ̀n:
Ẹni tó ń ya òjò, mo ṣì wà lórí àpáta.
Mẹ́dùbí bi mí pé kílò mélòó nìyẹn.